Abala Keje Tí A Kò Kà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun kan nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Títílayọ̀ Adébùsóyè ní ìlú Oǹdó tí ó jọ àmì wàhálà. Aago méje kò tíì lù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Moyinolúwa, dúró lórí àpótí kékeré kan. Ìyá kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ mú etí síkẹ́ẹ̀tì dúdú tí ọmọ náà yóò wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́.

“Dúró jẹ́ẹ́,” ni Títílayọ̀ sọ láàárín abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí ó fi ètè mú. “Ẹni tí ó ń lọ gba sikọ́láṣíìpù ìjọba kì í wọ aṣọ tí etí rẹ̀ wọ́.”

“Mọ́mì, wọ́n kàn fẹ́ yẹ ìwé mi wò ni. Ta ni yóò wo etí aṣọ?”

“Wọn yóò wò ó. Ẹni tí kò bá rí ẹ̀sùn kankan nínú ìwé rẹ, etí aṣọ rẹ ni yóò ti wá a.”

Bàbá Moyinolúwa, Gbémiga Adébùsóyè, rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú, òun sì ni alága ẹgbẹ́ òbí tí ó kó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba agbègbè wọn pọ̀. Ó na fáìlì aláwọ̀ ewé kan sí ọmọ rẹ̀.

“Gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ọmọ ìbílẹ̀, èsì ìdánwò. Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ dúró, sọ fún un pé Adébùsóyè ni bàbá rẹ. Òfin tí wọ́n fi ń ṣe é yìí, ojú mi ni wọ́n ṣe bí i.”

“Dádì, ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.”

“Ìkọkànlá nìyẹn.”

Ohun tí ó wà nínú fáìlì yẹn kì í ṣe ìwé lásán. Moyinolúwa ti wọ ọdún kẹta ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́, níbi tí ó ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ oko, òun ni ó sì ń ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ẹ̀ka wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ti ilé-ẹ̀kọ́ girama bọ́ sí yunifásítì tààrà. Ní ọdún àkọ́kọ́, máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò Jáǹbù fi díẹ̀ dín sí ohun tí wọ́n béèrè. Ní ọdún kejì, máàkì pé, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀, owó tí wọ́n kó jọ fún ìwọlé sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ní ọdún kẹta, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ kejì nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì ń bẹ ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ. Báyìí ni ó ṣe wọlé. Lọ́dún yìí, owó ilé-ẹ̀kọ́ ti fò kọjá ohun tí owó oṣù olùkọ́ àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lè gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó kù kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ni ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ó ṣí sílẹ̀ níwájú wọn, orúkọ rẹ̀ sì ti jáde láàárín àwọn tí wọ́n pè fún àyẹ̀wò ìkẹyìn.

Mọ́tò tí ó wọ̀ kọjá afárá Òwènà kí oòrùn tó mú. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó ti wà lórí ìlà níwájú tábìlì Ìyáàfin Wúrà Oyèbọ́lá, obìnrin ará Àkúrẹ́ kan tí ó ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún nínú ọ́fíìsì ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ìyáàfin náà ṣí fáìlì, ó wo èsì, ó mi orí.

“Ọmọ yìí mọ̀wé o! Ọdún mélòó ló wà láàárín ìgbà tó o jáde girama àti ìgbà tó o wọ yunifásítì?”

“Ọdún mẹ́ta, mà.”

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ìwé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

“Jókòó, ọmọ mi.”

“Mo lè dúró, mà.”

“Mo ní kó o jókòó. Òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kìn-ín-ní. Abala keje, ẹsẹ kejì, sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lò ju ọdún méjì lọ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ girama àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́ yìí. Kọ̀ǹpútà tó pè ọ́ wá, èsì nìkan ló wò. Èmi ni wọ́n fi síbí láti wo ìyókù.”

“Ṣùgbọ́n mà, ìyá mi ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo ní ìwé ilé ìwòsàn. Ṣé kò sí fọ́ọ̀mù tí mo lè kọ àlàyé sí?”

“Ó wà tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìlànà ọ́fíìsì la ń lò. Ìlànà, ọ̀gá wa lè wo ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó ní, ‘Ti eléyìí yàtọ̀.’ Òfin ni wọ́n sọ ọ́ dà báyìí. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i fún ọ lónìí, òun ni yóò lọ rojọ́ lọ́la.”

“Kí n wá dá ẹ̀kọ́ dúró fún ọdún kan, bóyá wọn yóò tún un ṣe?”

“Má dán an wò! Ẹsẹ kẹta ń bẹ níwájú: ẹni tó bá dá ẹ̀kọ́ dúró fún ọdún kan, fún ìdí yòówù, ti jáde pátápátá. Bí wọ́n tilẹ̀ tún ẹsẹ kejì ṣe lọ́la, ẹsẹ kẹta á ti mú ọ.” Ohùn Àkúrẹ́ rẹ̀ jáde bí ó ti ń ti fáìlì padà sí ọmọ náà. “Lọ sí ulé, kó o bá àwọn òbí rẹ sọ̀rọ̀. Ó dùn mí, ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an ni.”

Moyinolúwa kò sunkún. Ó ka ẹsẹ kejì fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé òfin tí ó wà lórí tábìlì, ó ya gbogbo abala keje ní fọ́tò, ó dúpẹ́, ó jáde. Nígbà tí ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, gbólóhùn kan ni ó sọ: “Dádì, òfin yín ti lé mi jáde.”

Ní ọjọ́ kejì, Gbémiga gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀ sì jọ wọ Àkúrẹ́. Inú ti bí i láti Oǹdó. Nínú mọ́tò, ó ti kọ ìwé ẹ̀sùn méjì sórí fóònù rẹ̀, ó sì ti pa méjèèjì rẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa kí ó tó gbé ohùn sókè níwájú tábìlì Ìyáàfin Oyèbọ́lá.

“Ta ló ṣe òfin yìí? Ta ló jókòó sínú yàrá amúlétutù tó fi ìlà pín àwọn ọmọ wa? Wọn ò bi òbí kankan léèrè! Mo ní òbí kankan!”

“Wọ́n bi yín, sà.”

“Àwa kẹ̀? Nígbà wo?”

Obìnrin náà kò bá a jà. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìwé kan tí wọ́n fi okùn oníke dì jáde. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ìtagbangba ni, èyí tí ìgbìmọ̀ aṣòfin lórí ètò ẹ̀kọ́ ṣe nígbà tí òfin náà ṣì jẹ́ àbádòfin. Ó ṣí i sí ojú ewé kọkàndínlógún, ó sì yí i sí Gbémiga.

“Ẹ kà á, sà. Orúkọ yín ni mo rí níbẹ̀ ní àná lẹ́yìn tí ọmọ yín lọ. Mo rò pé ẹlòmíì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò gùn: Ẹgbẹ́ Òbí, Agbègbè Oǹdó. Aṣojú: Alàgbà G. Adébùsóyè, alága. Èrò: wọ́n fara mọ́ àbádòfin náà ní gbogbo abala rẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n béèrè: kò sí.

Gbémiga kà á. Ó tún un kà. Moyinolúwa, tí ó dúró sí èjìká rẹ̀, kà á pẹ̀lú, ó sì yà á ní fọ́tò.

Ó rántí ọjọ́ náà kedere. Ọjọ́ ayọ̀ ni. Ìwé ìpè ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú ẹ̀dà àbádòfin náà, ojú ewé méjìlélógójì. Nígbà tí ó kéde rẹ̀ fún ẹgbẹ́, kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ni wọn yóò mú lọ. Ọ̀nọ́rébù Ọláfimíhàn, ọmọ Oǹdó, ni alága ìgbìmọ̀ náà, òun kan náà ni ó sì bá wọn tún òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ méjì kàn. Ní ojú wọn, ẹni tí ó bá lọ kí ọmọ ìlú rẹ̀ ní ipò ọlá kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fún wọn láti fi kàwé, iṣu ni wọ́n fi kó jọ. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n gbà. Wọ́n gbé ogójì iṣu dání, pẹ̀lú àwo ìmọrírì onídígí tí wọ́n kọ orúkọ Ọ̀nọ́rébù sí. Nígbà tí wọ́n pe Gbémiga sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, “Àwa òbí láti Oǹdó kò ní àtúnṣe kankan. Ohunkóhun tí ọmọ wa bá ti rí pé ó dára, ó dára lójú wa.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọrin. Wọ́n ya fọ́tò.

“Ẹ ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e,” ni Ìyáàfin Oyèbọ́lá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní ojú ewé ogún ni wọ́n kọ ti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran sí. Àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n wá, wọn kò mú nǹkan kan dání ju ìwé olójú ewé méjì lọ. Wọ́n ṣàlàyé pé gbèdéke ọjọ́ orí tí ó wà nínú abala kẹfà yóò ṣèdíwọ́ fún àwọn, nítorí pé ẹni tí kò ríran máa ń pẹ́ kí ó tó rí ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gbà á. Wọ́n béèrè pé kí wọ́n yọ àwọn sílẹ̀ nínú gbèdéke náà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: A gbà á. A ti tún un ṣe.

“Ènìyàn mẹ́ta,” ni Moyinolúwa wí. Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Bàbá rẹ̀ pa ìwé náà dé. “A ń lọ sí Ìjàpó,” ni ó wí.

Ọ̀nọ́rébù Ọláfimíhàn gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Ìjàpó. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé omi tútù wá. Àwo ìmọrírì onídígí náà wà lórí ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Gbémiga sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkùnrin náà sì gbọ́ ọ láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí níkẹyìn, “ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́. Àwọn tó ń béèrè pọ̀ ju owó tó wà nílẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. A gbọ́dọ̀ fa ìlà síbì kan. A rí ẹni tó ti gba oyè kan, tó jókòó sílé fún ọdún mẹ́rin, tó tún wọlé láti wá fi owó ìrànwọ́ gba òmíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la fi ẹsẹ kejì dá dúró.”

“Ọ̀nọ́rébù, ẹni tó ti jẹun lẹ́ẹ̀kan lẹ fẹ́ dá dúró, ẹ wá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò tíì jẹ rárá. Ṣé ẹ kò lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ti gboyè tẹ́lẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ mọ́? Ìyẹn ìbá mú ẹni tí ẹ ń wá. Ọdún tí ọmọ fi jókòó sílé kì í sọ fún yín bóyá ọ̀lẹ ni. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn òbí rẹ̀ kò lówó. Ọmọ olówó tí Jáǹbù kò fún láyè, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni bàbá rẹ̀ yóò fi í sí lọ́dún kan náà. Ọmọ tálákà nìkan ló ń dúró. Òfin tí ẹ ní ẹ ṣe fún tálákà, tálákà ló kọ́kọ́ yọ kúrò.”

Aṣòfin náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ lẹ sọ yìí. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an la pè yín wá sọ lọ́jọ́ yẹn. Ká ní ẹ sọ ọ́, ìlà kan ni à bá yí padà, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ti di òfin báyìí. Ó di kí ẹnì kan gbé àbádòfin àtúnṣe wá: kíkà àkọ́kọ́, kíkà kejì, ìgbìmọ̀, ìpàdé ìtagbangba mìíràn, kíkà kẹta, kí gómìnà tó buwọ́ lù ú. Bí kò bá sí ìdíwọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀.”

“Ẹ̀yin náà rí wa bí a ti ń jó lọ́jọ́ náà,” ni Gbémiga wí. “Ẹ mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ẹ mọ irú ọmọ tí à ń tọ́. Kí ló dé tí ẹ kò dá wa dúró?”

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń dá ẹni tó ń yìn ín dúró?” Ọ̀nọ́rébù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Iṣu yẹn sì dùn o. A jẹ ẹ́ tán.”

Moyinolúwa gbé ife omi tí kò mu sílẹ̀. “Ẹ ṣeun, sà,” ni ó wí, ó sì dìde kí bàbá rẹ̀ tó dìde.

Wọ́n wọ mọ́tò padà sí Oǹdó. Nílé, Gbémiga bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpótí ìwé rẹ̀. Ó wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo abẹ́ ibùsùn, ó dé ṣọ́ọ̀bù.

“Ìyá Moyin, ìwé kan wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Àkúrẹ́. Ó nípọn. Lọ́dún tó kọjá.”

Títílayọ̀ dìde. Ó lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó sì mú ìdì pátánà kan wá, àwọn ìwé tí ó gé ní ìrísí apá aṣọ, ọrùn aṣọ àti àpò, tí ó máa ń tẹ́ sórí aṣọ yunifọ́ọ̀mù kí ó tó fi síṣọ́ọ̀sì gé e.

“Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ti lò ó tán, Bàbá Moyin. Ìwé rẹ̀ le dáadáa. Mo ti fi gé pátánà.”

Ó tú u sórí tábìlì. Òfin náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní apá, ní ọrùn, ní àpò. Lára ọrùn aṣọ kan ni Gbémiga ti rí ohun tí ó kù nínú ìwé ìpè náà: ...kí ẹ mú àbá àti àtúnṣe yín wá ní kíkọ sílẹ̀, kí ó tó di... Ibi tí ọjọ́ wà ni síṣọ́ọ̀sì ti gbà kọjá.

“Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀,” ni Títílayọ̀ wí. “Mo bi yín. Mo ní, ‘Ṣé kí n fi í pamọ́?’ Ẹ ní, ‘Bóo ni a ó ṣe máa ka ìwé tó tó báyìí? Ọmọ wa ló wà níbẹ̀.’”

“Mo rántí,” ni ó wí. Kò parọ́. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn àpò náà mú, kò mọ ohun tí òun lè fi ṣe.

Moyinolúwa gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Dádì, bí mo bá fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́dún yìí, ẹsẹ kẹta ti mú mi. Bí mo bá dúró, ìrètí ṣì wà. Kò sí ohun tí mo ń bi yín ju èyí lọ: báwo ni mo ṣe máa dúró?”

Títílayọ̀ yí ojú sí ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, èyí tí ó dára jù nínú méjèèjì, èyí tí ọmọ náà fi ọdún kan rán yunifọ́ọ̀mù lórí rẹ̀. “Ìyàwó pásítọ̀ ti ń bi mí nípa rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́,” ni ó wí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Gbémiga pe ẹgbẹ́ òbí jọ sínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ fẹ́ńsì ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ó dìde, ó sì ka abala keje sí wọn létí láti orí fóònù ọmọ rẹ̀, ẹsẹ kan lẹ́yìn èkejì, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ka ojú ewé kọkàndínlógún, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ó ní kí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn na ọwọ́ sókè, òbí mọ́kànlá ni ó na ọwọ́.

Ìyá Kìtán, obìnrin gíga kan tí ń ta ohun èlò omi-ẹ̀rọ, kò na ọwọ́. Dídìde ni ó dìde. Ọmọ rẹ̀, Kìtán, ti fi ọdún mẹ́ta bá àbúrò bàbá rẹ̀ yọ búlọ́ọ̀kù ní Ìta-Ògbólú kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe.

“Alága, ẹ gbé wa lọ jó, ẹ ò sì sọ orin tí wọ́n ń kọ fún wa!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Èmi náà sì jó o. Mo jó títí gèlè mi fi tú. Iṣu méjì ni mo fi sílẹ̀, èyí tó tóbi jù. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, iṣu ni mo fi ra ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọmọ mi.”

“Ẹ̀bi náà tèmi ni, mà,” ni Gbémiga wí. “Èmi ni ìwé náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n fi ipò sílẹ̀, mo ti ṣe tán.”

“Láti lọ síbo?” ni Ìyá Kìtán fèsì. “Kí ẹ lọ sinmi, kí àwa wá máa wá ẹlòmíì tí kò ní kàwé? Ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ kọ ìwé tí ẹ kò kọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ óò kà á sí wa létí kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì.”

Wọ́n kọ ọ́. Ó gbà wọ́n ní Àbámẹ́ta mẹ́rin. Moyinolúwa ni ó tẹ̀ ẹ́, ojú ewé mẹ́ta. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ mọ́kànlá náà sí i, pẹ̀lú ti Kìtán àti ti Moyinolúwa, àti ìdí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi jókòó sílé: àìsàn, ikú bàbá, ọdún tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, àìlówó. Wọ́n béèrè ohun méjì péré. Èkíní, kí gbèdéke náà mú ẹni tí ó ti gboyè tẹ́lẹ̀ nìkan. Èkejì, kí wọ́n yọ ẹni tí ó bá ní ẹ̀rí àìsàn tàbí àìlówó sílẹ̀ nínú ẹsẹ kẹta. Gbémiga gbé e lọ sí Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀, kò mú iṣu kankan dání, ó sì dúró títí wọ́n fi tẹ òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tirẹ̀.

Bí a ti ń kọ ìtàn yìí, èsì kò tíì dé. Moyinolúwa forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì. Owó ẹ̀rọ kejì gbé e dé ìparí ọdún kẹta. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò gbé e dé ọdún kẹrin. Kìtán kò rí ẹ̀rọ tà. Ó ti padà sí ìdí búlọ́ọ̀kù ní Ìta-Ògbólú, ẹsẹ kẹta yóò sì mú un, bí ó bá jẹ́ ẹsẹ kejì nìkan ni wọ́n yí padà. Ìdí nìyí tí ìyá rẹ̀ kì í fi í pa ìpàdé kankan jẹ mọ́.

Àyè ẹ̀rọ tí wọ́n tà ṣì ṣófo nínú ṣọ́ọ̀bù náà, tábìlì nìkan ni ó kù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìwé ìpè mìíràn dé láti Àkúrẹ́, nípa àbádòfin kan lórí owó ìtọ́jú ìlera. Ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbémiga gbé e sórí tábìlì yẹn, Títílayọ̀ wo bí ìwé rẹ̀ ti le tó, ó sì gbé síṣọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí igun kejì ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ni ó fa àga, ó jókòó, ó ní, “Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní. Ẹ má fo nǹkan kan.”

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Òfin tí ó pín owó gbọ́dọ̀ ní ìlà, nítorí owó kò lè kárí. Ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè ibi tí ìlà náà gbà, kí wọ́n tó fà á. Bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé ìtagbangba, ẹ gba ẹ̀dà àbádòfin, kí ẹ wá abala tí ó sọ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́, kí ẹ sì fi orúkọ àwọn ọmọ àdúgbò yín dán an wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé lágbájá yóò wọlé? Bí kò bá wọlé, kí ni ìdí rẹ̀? Bí ẹ kò bá lóye rẹ̀, ẹ wá olùkọ́, ẹ wá agbẹjọ́rò, ẹ wá ọmọ yín tí ó mọ̀wé. Ẹ kọ èrò yín sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí pamọ́. Ẹni tí ó bá ṣe yín lóore, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, nínú ilé rẹ̀. Ọjọ́ tí ó pè yín wá sọ èrò yín, èrò ni kí ẹ gbé lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí kò ríran ti ṣe é. Àwa tí a ní ojú méjèèjì ni a kò ka ìwé náà.